Ẹ Jẹ́ Kí Ẹ̀rọ Ó Máa Kán

Òkè-Ìlá, Adó-Èkìtì,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù kìíní, ọdún 2025.

Adéfúnkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ kú àárọ̀, kú òtútù, kú ìrètí ohun rere. Mo kí Akínwálé ọkọ rẹ. Ṣé oyún ń ṣe dáadáa? Ṣé ẹsẹ̀ rẹ kò wú mọ́? Wọ́n ní oṣù tí o ti wọ̀ yìí kò fẹ́ ìdúró pípẹ́.

Ẹ pè mí lọ́jọ́ Sátidé pé ìyá rẹ ti gúnlẹ̀ sí Wínípẹ̀gì lọ́dọ̀ yín. N kò gbọ́ ju "Dádì" àti "òtútù" lọ kí fóònù tó já. O mọ̀ pé etí mi àti fóònù kò rẹ́ mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí á máa kọ̀wé. Èmi yóò kọ tèmi sórí ìwé, Olúgbénga tó ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní iwájú ilé wa yóò ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ. Tí ìwọ náà bá kọ tìrẹ, yóò tẹ̀ ẹ́ jáde ní lẹ́tà gàdàgbà-gadagba tí ojú mi á rí. Ó ní kò sẹ́ni tó ń ṣe irú èyí mọ́. Mo ní kò sẹ́ni tó ní irú etí mi.

Nínú báàgì ìyá rẹ, lábẹ́ gàrí, ìwọ yóò rí rọ́bà gígùn-gígùn tí mo gé lára tíúbù ọ̀kadà kan tó ti gbó. Má rẹ́rìn-ín. Kò sí ilé tí ẹ̀rọ omi rẹ̀ kì í jò lọ́jọ́ kan, n kò sì mọ̀ bóyá wọ́n ń ta tíúbù lọ́dọ̀ yín. Ìyá rẹ bá mi jà nítorí rẹ̀ títí a fi dé ibi mọ́tò.

Ọyẹ́ ti mú níbí. Ètè mi ti là. Ẹ̀rọ omi ìjọba tó wà lẹ́yìnkùlé kò tíì sun omi láti ìgbà tí o ti wà ní yunifásítì. Mo fi rọ́bà dì í lẹ́nu kí aláǹgbá má baà fi ṣe ilé. Omi bọ́ọ̀hóòlù Bàbá Ayọ̀rìndé la ṣì ń rà sínú táńkì.

Wọ́n ní òtútù ibẹ̀ lè mú etí èèyàn já. Ṣé òótọ́ ni? Má fi pamọ́ fún mi. Ìyá rẹ kì í de gèlè bo etí.

Bàbá rẹ tí kò tíì sùn dáadáa láti Sátidé,
Ajíbádé.


Wínípẹ̀gì, Kánádà,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kìíní.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ìdánìkanwà. Ara mi le, ẹsẹ̀ mi ti fọn. Etí Mọ́mì ṣì pé méjèèjì, mo ra fìlà onírun fún wọn, wọn kì í sì í bọ́ ọ kódà tí wọ́n bá ń sùn.

Dádì, ẹ bá mi bá Mọ́mì sọ̀rọ̀. Ilé tí a ń gbé yìí ti pẹ́, páìpù omi ilé ìdáná sì gba inú ògiri tó kọjú síta. Tí òtútù bá le, omi inú rẹ̀ á dì gbagidi. Omi tó bá dì máa ń wú, yóò sì fọ́ páìpù láti inú. Ìgbà tí yìnyín yẹn bá wá yọ́ ni ilé yóò kún fún omi. Ó ṣẹlẹ̀ sí aládùúgbò wa lésìí, wọ́n ní láti wó ògiri wọn lulẹ̀.

Nítorí náà, a fi fóòmù wé páìpù náà. A máa ń ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ síǹkì sílẹ̀ kí ooru ilé lè dé ibẹ̀. Tí a bá sì fẹ́ lọ sùn, a máa ń ṣí ẹ̀rọ díẹ̀ kí omi máa kán di àárọ̀, torí omi tó ń rìn kì í tètè dì.

Bí mo bá ti ṣí i tán, Mọ́mì á ti tì í. Mo gbọ́ wọn lánàá: "Ta ló fi ẹ̀rọ sílẹ̀ báyìí? Ṣé ẹ ra odò ni?" Wọ́n ti kọ́bọ́ọ̀dù pẹ̀lú, wọ́n ní ó dà bí ilé tí olè ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbẹ̀. Gbogbo ìkòkò, garawa àti abọ́ tó wà nílé yìí ni wọ́n ti pọn omi kún. Kí Akínwálé tó lè wẹ̀, ó ní láti kọ́kọ́ gbé ìkòkò kúrò nínú báàtì. Mo ní, "Mọ́mì, omi kì í lọ níbí." Wọ́n ní, "Ẹni tí omi ò tíì lọ mọ́ lọ́wọ́ ló ń sọ bẹ́ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yín ni wọ́n ń gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́.

Ọmọ yín,
Adéfúnkẹ́.


Òkè-Ìlá, Adó-Èkìtì,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kìíní.

Adéfúnkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí oyún, mo kí Akínwálé tó ń gbé ìkòkò. Mo ka ìwé rẹ lórí ìdúró ní ṣọ́ọ̀bù Olúgbénga, mo tún délé, mo jókòó kà á. Ara mi kò balẹ̀ rárá.

Kí ẹ̀rọ máa kán láti alẹ́ di àárọ̀! Ta ló kọ́ yín? Kàǹga Bámgbóyè ní ìsàlẹ̀ òkè ni a ti ń pọnmi nígbà tí o wà ní kékeré, ìwọ náà rù ú títí ọrùn fi ń dùn ọ́. Mo rò pé orí tó bá ru omi rí kì í gbàgbé.

N kò ní kí o má bẹ̀rù páìpù. Èmi gan-an ti ń bẹ̀rù rẹ̀ báyìí, mo ti lọ wo ti táńkì wa. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí á fi ọgbọ́n rò ó. Omi díẹ̀ ló máa ń tètè dì. Nínú fíríìsà, omi inú ọ̀rá á ti dì kí omi inú kẹ́ẹ̀gì tó mọ̀ pé òtútù ń mú. Ẹ̀yin wá ń rán omi ní kíkán kíkán lọ pàdé òtútù! Ìwọ̀nba tó lè gbé mì lẹ ń bù fún un. Ẹ ti ẹ̀rọ yẹn gbọn-in, kí omi pọ̀ pa pọ̀ nínú páìpù, kí wọ́n fara ti ara wọn. Sáyẹ́ǹsì tí wọ́n kọ́ wa ní sẹ́kọ́ńdírì nìyẹn, bí n kò bá ṣì í rántí.

Sọ fún ìyá rẹ pé mo ní ó ṣeun. Tí ó bá ti ti ẹ̀rọ tán, kí ó fi rọ́bà tí mo fi ránṣẹ́ dì í, kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má baà yá síbẹ̀. Kí ẹ sì ti kọ́bọ́ọ̀dù. Ṣé eku wà ní Kánádà?

Bàbá rẹ tó ń ro tiyín,
Ajíbádé.


Wínípẹ̀gì, Kánádà,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kìíní.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú oríire o, Bàbá àgbà! Mo bí ọmọbìnrin ní ìdájí àná, ọjọ́ Sátidé. Èmi àti ọmọ wà láàyè, a wà ní àlàáfíà. Irun kún orí rẹ̀ bámúbámú. Iwájú orí rẹ̀, tiyín ni. Ó tilẹ̀ ń fajú ro bí ẹni tó ń ronú nípa páìpù. Mọ́mì ti ń pè é ní Àbẹ̀kẹ́, wọ́n ń kì í, nọ́ọ̀sì rò pé wọ́n ń gbàdúrà, ó sì dákẹ́ dúró títí wọ́n fi ṣe é tán.

Sátidé tó ń bọ̀ la ó sọ ọ́ lórúkọ nílé. Pásítọ̀ wa ń bọ̀, àwọn ará Èkìtì tó wà nílùú yìí náà ń bọ̀. Orúkọ tí ẹ bá fún un la ó kọ́kọ́ pè.

Ní ti sáyẹ́ǹsì yín, Akínwálé kà á, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní, "Ẹjọ́ Bàbá dára, àfi pé òtútù ò kàwé." Dádì, omi inú ọ̀rá dúró sójú kan ni. Omi ẹ̀rọ ń bọ̀ láti abẹ́ ilẹ̀, ó ń gbé ooru díẹ̀ bọ̀, ìrìn rẹ̀ ló ń gbà á. Ọ̀la ni màá padà sílé láti ọsibítù. Wọ́n ní òtútù ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni yóò le jù lọ́dún yìí. Mọ́mì ti fi rọ́bà yín di ẹ̀rọ náà, wọn kò sì ní tú u àfi tí ẹ bá ní kí wọ́n tú u. Ẹ sọ fún wọn kó tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ọmọ yín tó ti di ìyá,
Adéfúnkẹ́.


Òkè-Ìlá, Adó-Èkìtì,
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kìíní.

Adéfúnkẹ́, ìyá ọmọ,

Mo kí ọ kú ewu! Kú ewu ọmọ! Olúgbénga ka ìwé rẹ sí mi létí ní ojú títì nítorí ojú mi ti kún fún omi. Mo jó. Bàbá Ayọ̀rìndé tó ń kọjá lọ ní, "Ajíbádé, ṣé kòkòrò ló ta ọ́ ni?" Mo ní ọmọ ni! Òun náà bá sọ kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ kalẹ̀, ó dara pọ̀ mọ́ mi. Wọ́n gún iyán fún mi nílé rẹ̀. Ó ní iyán tí a bá fi kí ọmọ káàbọ̀ kì í di òkèlè tó há ni lọ́rùn.

Dùnmínínú ni kí ẹ sọ ọ́. Mo ti fi orúkọ yẹn pamọ́ láti oṣù tí o ti sọ fún wa pé o lóyún, ẹ̀rù ń bà mí pé kí n má sọ ọ́ síta kó tó tó àkókò.

Ẹ fi omi kàn án lẹ́nu o. Ẹ má fi omi inú ìgò tí wọ́n ń tà ṣe é. Omi ilé tí ẹ ń gbé ni. Ṣé ọmọ ń mu ọyàn? Ṣé ojú rẹ̀ kò pọ́n? Ìdodo ńkọ́?

Bàbá àgbà Dùnmínínú,
Ajíbádé.


Òkè-Ìlá, Adó-Èkìtì,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kìíní.

Adéfúnkẹ́,

Kíákíá ni mo ń kọ èyí. Ẹ tú rọ́bà! Sọ fún ìyá rẹ pé èmi Ajíbádé ni mo ní kí ó tú u!

Ayọ̀ kò jẹ́ kí n dáhùn ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ lánàá. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti kọ̀wé nípa fíríìsà ni ọ̀rọ̀ náà kò ti fi ọkàn mi sílẹ̀. Mo bu omi kún ìgò kan, mo dé e pa, mo bẹ ìyàwó Bàbá Ayọ̀rìndé kí ó bá mi fi í sínú fíríìsà rẹ̀. Ní àárọ̀ yìí, mo gbọ́ tí ó ń pariwo orúkọ mi. Ìgò ti fọ́, àfọ́kù ti wọ inú ẹja. Omi náà pọ̀ pa pọ̀, Adéfúnkẹ́, wọ́n fara ti ara wọn gan-an, wọ́n sì jọ fọ́ ìgò. Mo ti ṣèlérí ẹja mìíràn.

Ẹ tú rọ́bà. Ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Kí ó máa kán. Kódà kí ó máa dà.

Ajíbádé.

Olúgbénga ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí láti ọ̀sán. Mo ti jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ títí ó fi ní òun fẹ́ tilẹ̀kùn. Ó ní ó di ọ̀la. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lòní.


Wínípẹ̀gì,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kìíní.

Bàbá Adéfúnkẹ́,

Ẹ kú ilé. Èmi Modúpẹ́ ni mo ń fọwọ́ ara mi kọ èyí, mo ní kí Adéfúnkẹ́ kàn ya fọ́tò rẹ̀, kó má kà á.

Ìwé yín tó ní kí n tú rọ́bà dé ní àárọ̀ yìí. Ilẹ̀ ti mọ́ bá wa. Nígbà tí mo dìde láti se omi ìwẹ̀ ọmọ, mo tú u, mo ṣí ẹ̀rọ, kò sọ nǹkan kan. Kò kán, kò dún. Páìpù inú ògiri ti dì. Akínwálé dùbúlẹ̀ sábẹ́ síǹkì, ó ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ káàkiri. A kò tíì mọ̀ bóyá ó ti fọ́. Wọ́n ní ìgbà tó bá yọ́ ni a ó mọ̀.

Akínwálé ò bá mi jà. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má ronú." Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ó sàn kó pariwo. Èmi tí mo wá wẹ ọmọ ni mo gba omi lẹ́nu ẹ̀rọ. Sátidé ni ìsọmọlórúkọ, àlejò ń bọ̀, ògiri ilé ọlọ́mọ lè ya kó tó di ìgbà náà. Mo ti ń ká aṣọ mi sínú báàgì. Tí páìpù bá fọ́, mo fẹ́ kí ẹ bá mi wá bí n ó ṣe padà sílé. N kò lè jókòó sínú ilé tí mo bà jẹ́ kí wọ́n máa kí mi kú ọwọ́ lómi.

Aya yín,
Modúpẹ́.


Òkè-Ìlá, Adó-Èkìtì,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kìíní.

Modúpẹ́ aya mi,

Mo kí ọ. Má ká aṣọ kankan. Ta ló gé rọ́bà? Ta ló fi í sábẹ́ gàrí tí o bá a jà títí dé ibi mọ́tò? Tí ẹnikẹ́ni bá máa kẹ́rù, èmi ni, n kò sì sí níbẹ̀. Sọ fún Akínwálé pé kí ó pariwo mọ́ mi, kí ó kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà-gadagba.

Tí o bá kúrò kó tó di Sátidé, ta ni yóò gbé Dùnmínínú lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá ń pe orúkọ tí mo fún un? Ìwọ ni ọwọ́ mi níbẹ̀.

N kò mọ ohun tí mo lè ṣe láti ibí. Mo ti fi súẹ́tà mi àtijọ́ wé páìpù táńkì wa. Bàbá Ayọ̀rìndé dúró, ó wò ó, ó ní, "Ṣé ibà ló ń ṣe é ni?" Mo ní kí ó lọ jẹ́jẹ́. Ó ní kí n má gbàgbé láti wọ̀ ọ́ ní ìbọ̀sẹ̀.

Ẹ fèsì. Ṣé ó ti yọ́? Ṣé ó fọ́?

Ajíbádé.


Òkè-Ìlá, Adó-Èkìtì,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kìíní.

Adéfúnkẹ́,

Ẹ kò fèsì. Sátidé ti mọ́. Mo wọ aṣọ tí n bá wọ̀ lọ síbi ìsọmọlórúkọ, mo jókòó sí iwájú ilé. Olúgbénga ní kò sí nǹkan kan lórí fóònù òun. Mo ní kí ó tún un wò. Ó ní òun ti tún un wò. Mo ní kí ó tún un wò.

Ṣé ìyá rẹ ṣì wà níbẹ̀?

Bàbá rẹ.


Wínípẹ̀gì, Kánádà,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kìíní.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìdúró, ẹ kú àìsùn. Ẹ má bínú, ilé kún ju ibi tí mo ti lè kọ̀wé lọ. Mọ́mì wà níbí. Wọ́n ń sùn lọ́wọ́, Dùnmínínú wà láyà wọn.

Páìpù kò fọ́! Akínwálé ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀, ó fi ẹ̀rọ tí mo fi ń mú irun gbẹ fẹ́ ooru sí páìpù láti ìdí ẹ̀rọ omi lọ sínú, Mọ́mì ń fi aṣọ gbígbóná wé e lẹ́yìn rẹ̀. Ó pẹ́ gan-an. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ dún pọ́ọ̀, omi bú jáde. Mọ́mì kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ ilé ìdáná. Síbẹ̀, wọn kò tú báàgì wọn.

Ìgbà tó di ọjọ́ Ẹtì ni páìpù ńlá abẹ́ títì bẹ́ nítorí òtútù náà. Omi lọ ní gbogbo àdúgbò wa, wọ́n ní ó di ọjọ́ Àìkú kí wọ́n tó tún un ṣe. Kò sí ilé tó ní omi, àwọn tó jẹ́ kí ẹ̀rọ wọn máa kán gan-an kò ní. Àfi ilé wa, Dádì! Ìkòkò kún, garawa kún, báàtì kún. Akínwálé wò mí, mo wò ó, a bú sẹ́rìn-ín. Mọ́mì ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹ lọ pe àwọn ará ilé yẹn kí wọ́n mú nǹkan wá."

Wọ́n wá o! Wọ́n gbé kẹ́tù wá, wọ́n gbé ìkòkò wá, ọkùnrin kan gbé abọ́ ajá rẹ̀ wá. Mọ́mì dúró sí ẹnu ọ̀nà báàtì pẹ̀lú igbá ìbomi, fìlà onírun lórí, wọ́n ń pariwo, "Ẹ tò! Ẹ tò sí ẹ̀yìn ara yín!" Kò sẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá níbẹ̀, gbogbo wọn sì tò. Ìyá àgbà kan tó ń gbé ní òdìkejì títì bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé omi máa lọ. Mo túmọ̀ rẹ̀. Mọ́mì ní, "Ní ìlú wa, omi kì í dágbére kó tó lọ."

Ọ̀pọ̀ nínú wọn padà wá lánàá síbi ìsọmọlórúkọ. Inú ìkòkò Mọ́mì ni Pásítọ̀ ti bu omi tí ó fi kan Dùnmínínú lẹ́nu. Ọmọ náà lá ẹnu, ó fajú ro, ó tún lá a. Ìyá àgbà òdìkejì títì pe orúkọ náà títí ahọ́n rẹ̀ fi mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn tí àlejò lọ tán ni mo rí i pé Mọ́mì ti tú báàgì wọn, aṣọ wọn ti padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Lálẹ́ àná, àwọn fúnra wọn ló ṣí kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ síǹkì sílẹ̀. Ìgbà tí omi dé láàárọ̀ yìí, àwọn náà ló ṣí ẹ̀rọ kí ó máa kán. Wọ́n sì gbé ìkòkò sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní kò sí òtútù tó lè mú kí àwọn fi omi ṣòfò.

Ọmọ yín,
Adéfúnkẹ́.


Òkè-Ìlá, Adó-Èkìtì,
Ogúnjọ́, oṣù kìíní.

Adéfúnkẹ́ ọmọ mi, ìyá Dùnmínínú,

Mo kí yín lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kí ìyá àgbà òdìkejì títì, mo kí ajá tó ni abọ́. Ìwé rẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ya lọ́wọ́ mi. Mo ti kà á fún Bàbá Ayọ̀rìndé, mo kà á fún ìyàwó rẹ̀, ó sì dárí ẹja jì mí.

Mo ti bọ́ súẹ́tà lára páìpù, torí òtútù ń mú èmi gan-an. Nígbà tí mo ń bọ́ ọ, ojú mi bọ́ sára ẹ̀rọ ìjọba tó wà lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú rọ́bà lẹ́nu. Mo ní nínú ara mi pé tí Modúpẹ́ bá lè tú tirẹ̀, kí èmi náà tú tèmi. Mo tú u, mo ṣí i, mo gbé garawa sábẹ́ rẹ̀ nítorí ìyá rẹ. Bàbá Ayọ̀rìndé ní, "Ajíbádé, kí lò ń retí?" Mo ní n kò retí nǹkan kan, kí ó kàn wà ní ṣíṣí.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo gbọ́ ohùn kan. Ó wúkọ́ bí àgbàlagbà. Afẹ́fẹ́ kọ́kọ́ jáde, omi pupa bí ilẹ̀ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà omi mímọ́ dà. Gbogbo Òkè-Ìlá pariwo! Bàbá Ayọ̀rìndé tó ń ta omi fún wa ló kọ́kọ́ sáré dé pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì. Mo ní, "Ẹ tò!"

N kò mọ ìgbà tó máa tún lọ. Gbogbo ohun tó lè gba omi nínú ilé yìí ti kún, títí kan ife tíì mi. Ó ti dínkù báyìí, kíkán ló ń kán. Mo ń gbọ́ ọ láti ibi tí mo jókòó sí. Bàbá Ayọ̀rìndé ti pè mí láti ojú fèrèsé pé, "Ẹ̀rọ rẹ ń kán o!" Mo ní mo mọ̀.

N kò dìde.

Bàbá rẹ,
Ajíbádé.